Ọ̀rọ̀ Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Aránṣọ ni mí. Ohun tí mo bá fi téèpù wọ̀n ni mo máa ń gbà gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo wọ̀n ọ́n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, láàárín ìwọ̀n aṣọ ìyàwó kan àti ti olùkọ́ kan tó máa ń fa ikùn mú tí mo bá fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá rò pé mò ń purọ́, kó wá ṣí i wò.

Súlìyát ni orúkọ mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, àmọ́ ó ti pé ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ránṣọ ní Onitsha. Mo gbọ́ Ìgbò. Kì í ṣe Ìgbò ti kí a kàn kí ènìyàn lásán o. Mo gbọ́ ọ débi pé àwọn aláṣọ Main Market kì í mọ̀ pé Yorùbá ni mí títí wọn yóò fi bèèrè orúkọ mi. Mo máa ń fi ṣakọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ìṣakọ yẹn wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni bàbá mi kú. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àbúrò mi Síkírù pè mí láti Ìsẹ́yìn.

"Àǹtí mi, Ìyá ò jẹun mọ́."

"Kí ni wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n?"

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n á bu ṣíbí kan, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Ó parí nìyẹn."

Mo lọ mú Ìyá wá sọ́dọ̀ mi. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Upper Iweka, mo di apá rẹ̀ mú, àwọn ìka mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn lódìkejì. A délé, mo ní mo fẹ́ rán aṣọ fún un. Ẹ̀tàn ni. Mo kàn fẹ́ wọ̀n ọ́n ni. Ní Iléyá tó ṣáájú, ìbàdí Ìyá jẹ́ ínṣì mẹ́rìnlélógójì. Lọ́jọ́ yẹn, ó di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, bóyá mo ṣì í wọ̀n. N kò ṣì í wọ̀n. Ẹ̀rù bà mí.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Kò rí àìsàn kankan.

Inland Town ni à ń gbé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nínú àgbàlá Mama Uzo. Mama Uzo ni onílé wa, opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ mi, Ìbráhìm, ń ta ọjà ní Bridge Head. Kì í sí nílé ní ọ̀sán. Kíṣíìnì mi kò tóbi. Gáàsì wà níbẹ̀, síǹkì wà níbẹ̀, àyè tí ènìyàn kan lè dúró sí sì wà níbẹ̀. Kò sí àga. Ibi tí mo bá ti dúró dáná ni mo máa ń dúró sí jẹun, kí n lè tètè padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Mo se àsáró. Mo se mọ́ínmọ́ín. Mo se ẹja tútù tí wọ́n gbé wá láti Odekpe láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń ta ìrù nígbà tí mo rà á. Ìyá á tọ́ ọ wò, á sì tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ṣé kò dùn ni, Ìyá?"

"Ó dùn. Kò kàn gbóòórùn ẹnikẹ́ni ni."

Ìyá mi ti dáná lórí oríṣiríṣi iná láyé rẹ̀. Orí òkúta ààrò mẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀, nílé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, tí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í tí ó ń fi ẹnu tọ́ka ohun tí kò ṣe dáadáa. Bàbá mi wá ra ààrò onírin tí wọ́n ń kó èédú sí, wọ́n gbé ìyẹn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sítóòfù oníkẹrosíìnì dé nígbà tí wọ́n bí mi. Mo ṣì rántí bí òwú rẹ̀ ṣe máa ń rùn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Síkírù ló ra gáàsì. Ìyá ní bí iná ṣe ń yí padà ni ó ń wọnú ilé sí i, tí àwọn tó ń jókòó tì í sì ń dín kù. Òun ló sọ ọ́. Èmi ò rò ó débẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró lójú fèrèsé mi tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Kí ni ilé kékeré tó wà lábẹ́ igi ọ̀pẹ yẹn?"

"Ilé ìdáná àtijọ́ ni, Ìyá. Wọn ò lò ó mọ́."

Ó ní, "Bá mi bẹ onílé yín."

Mama Uzo kọ́kọ́ kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Ìgbò, mo fi kún un pé ìyá mi ń kú lọ. Ó dìde. Ó bá wa lọ sẹ́yìnkùlé. Ògiri amọ̀ ni ilé náà, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, wáyà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Mama Uzo tú wáyà náà, ó ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ooru kan jáde, ó bà wá lára. Mo rí òkúta ààrò mẹ́ta láàárín ilẹ̀, dúdú, wọ́n ń dán. Eérú wà láàárín wọn.

Mama Uzo ò wojú mi. Ojú Ìyá ló ń wò. Ó na ọwọ́ sí ìdí ààrò náà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ọkụ."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ọkụ, lédè Ìgbò, iná ni. Mo rò pé ó ń kìlọ̀ fún wa kí a má jẹ́ kí iná jó páànù. Mo mi orí pé mo ti gbọ́. Mama Uzo gbé ọwọ́ lé àyà, ó yí padà, ó lọ.

Ìyá kò kúrò lójú kan.

"Súlì," ó rọra pè mí. "Òkú? Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé pé iná ni, kì í ṣe òkú, pé etí Ìsẹ́yìn ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Onitsha. Àmọ́ mo wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, n kò tíì rí i kó bèèrè ohunkóhun. Ojú náà là gedegbe. Ó fẹ́ mọ̀.

"Obìnrin ni," mo ní.

Irọ́ pọ́ńbélé.

"Ìyálé mi nìyẹn," ni Ìyá wí. "Wọ́n ti jù mí lọ nínú ilé ìdáná yìí."

Ó bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kúulé o, ìyálé mi. Ìyàwó dé." Lẹ́yìn náà ló wọlé. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

Mo bá a ra igi ìdáná. Ó dá iná náà fúnra rẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó wúkọ́, ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. Àsáró ló sè, nínú ìkòkò kékeré kan. Ó bu ún sí abọ́ méjì. Ó gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó ní "Bìsìmíláì", ó sì jẹ tirẹ̀ tán. Ó fi ìka lá abọ́. Mo sáré gun òkè lọ, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún bí ọmọdé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé eré àgbà ni, eré tó ń gba ẹ̀mí là. N kò fẹ́ bà á jẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni abọ́ kejì. Láàárọ̀, mo máa ń rí i pé ó ti ṣófo. Mo ní eku ni. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n dojú rẹ̀ dé lórí ògiri kékeré tó wà nínú ilé náà. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Eku kì í fọ abọ́.

"Ìyá, ṣé ẹ ti wá síbí láàárọ̀ yìí ni?"

"Níbo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni."

"Ta ló fọ abọ́?"

Ó wò mí bíi pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo bi í. "Èmi sè é, àwọn fọ̀ ọ́. Kí ló burú níbẹ̀?"

Mo sọ fún Ìbráhìm. Ó ní tí ọbẹ̀ bá ti dùn, kí n yé bèèrè ìbéèrè. Irú ọkùnrin tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ohun kejì ni ìkòkò. Ìyá ní ìkòkò kékeré náà ò jókòó dáadáa mọ́, ó ń yẹ̀ bọ́ sáàárín ààrò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Mo yọ téèpù lọ́rùn. Láti òkúta kan sí èkejì, ínṣì mẹ́sàn-án. N kò mọ iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo kọ mẹ́sàn-án sínú ìwé mi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo fi fa ìlà yí òkúta kọ̀ọ̀kan ká lórí ilẹ̀. Mo gbìyànjú láti ti ọ̀kan. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í, mo fi ẹsẹ̀ tì í. Kò mira. Wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí.

Ní ọjọ́ kejì, ìlà ṣọ́ọ̀kì mi wà níbi tó wà. Àwọn òkúta ò sí nínú rẹ̀ tán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti sún díẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀ ò họ. Eérú ò túká. Mo wọ̀n ọ́n. Mọ́kànlá.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, bí mo ṣe wọn ìbàdí Ìyá. Mọ́kànlá ni.

"Wọ́n ní kí n fi kún un," ni Ìyá wí lẹ́yìn mi. Ìkòkò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kaná. Ó jókòó wẹ́kú.

Ó yẹ kí n ti sá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ ẹni tó máa ń tú aṣọ tó bá wù mí láti wo bí wọ́n ṣe rán an. Mo fẹ́ rí inú rẹ̀. Àti pé ìbàdí Ìyá ti di méjìdínlógójì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo gbé àpótí sẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná náà, mo ń fi ọwọ́ gán etí aṣọ. Ìyá ń sùn lókè. Mama Uzo ti jáde. Kò sí iná mànàmáná, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ké. Ọyẹ́ ti mú kí gbogbo nǹkan gbẹ, kò sí ewé tó ń mira. Àgbàlá náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ mi ṣe ń gba inú aṣọ kọjá.

Mo wá gbọ́ ọ.

Ìró ṣíbí onígi. Ó ń ha ìdí ìkòkò, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n kan ṣíbí náà mọ́ etí ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀. Kọ̀. Bí gbogbo obìnrin tó ń se ọbẹ̀ ṣe máa ń gbọn ọbẹ̀ kúrò lára ṣíbí kó tó kán an sí àtẹ́lẹwọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe lá a.

Mo ti ilẹ̀kùn.

Kò sí ẹnikẹ́ni. Ìkòkò wà lórí ààrò, ọmọrí wà lórí rẹ̀. Ṣíbí onígi wà lórí ọmọrí. Ó rin, ọbẹ̀ ṣì ń ṣàn lára rẹ̀. Kò sí igi nínú ààrò, kò sí ẹyín iná kan. Mo gbé ọwọ́ lé òkúta tó súnmọ́ mi. Ó ta mí lọ́wọ́. Ó gbóná bíi pé wọ́n ti dáná sí i láti òwúrọ̀.

Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo kó aṣọ mi. N kò sáré, torí pé mo rò pé tí mo bá sáré, nǹkan náà á mọ̀ pé mo ti gbọ́ òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Ìyá ní kí n bá òun ra ewúro, ẹja gbígbẹ àti kókò. Ìyá mi kì í fi ewúro se ọbẹ̀. Omi rẹ̀ nìkan ló máa ń mu tí ibà bá ń ṣe é. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ó fọ ewúro náà títí ìkorò fi lọ. Ó fi ògìrì sí i. Nígbà tó kan kókò, tí gbogbo ará ibí máa ń bọ̀ kí wọ́n tó gún un, Ìyá bo tirẹ̀ mọ́ inú eérú gbígbóná. Ó sun ún. Ó bó o, ó gún un, ó fi í sínú ọbẹ̀ náà kó lè ki. Kò ṣe bí ẹni tó ń kọ́ nǹkan.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyálé mi."

Ọbẹ̀ náà dùn, ó ní òórùn èéfín díẹ̀ nínú. Mo bu abọ́ kan, mo gbé e lọ fún Mama Uzo. Oore kọ́ ni. Ìwádìí ni.

Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó fi ṣíbí bu ọbẹ̀ náà sẹ́nu. Ṣíbí náà dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Onye siri ofe a?" Ó fẹ́ mọ ẹni tó sè é.

"Mama m."

"Mama gị? This your Mama Yoruba?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "How she take do the ede?" Kókò ni wọ́n ń pè ní ede.

"She roast am for inside ash."

Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Na only my husband mama dey do am like that. For this whole Inland Town, na only she. People go eat am, dem no go know wetin dey inside. Any time she wan put the ede, she go pursue me comot. 'Go fetch water.' Water full everywhere o. 'Go fetch water.' Eighteen years, my daughter. She die for that kitchen, for front of the pot. She no teach me." Ó fi etí ìró nu ojú. "I lock the place that same day. Thirty-one years."

Mo ṣì fẹ́ fi ọgbọ́n mi hàn. Mo ní, "Na why you warn us that day about the fire?"

"Which fire?"

"The first day. You point the place, you say ọkụ."

Mama Uzo wò mí.

"I no talk ọkụ."

"Ah, Mama. I hear am. Ọkụ."

"Fire don quench for there since thirty-one years, I go come talk fire?" Ó sún mọ́ mi. Ó la ẹnu, Yorùbá ló sì jáde, Yorùbá tó dá ṣáká, ohùn Ìbàdàn. "Òkú ni mo wí."

Ó padà sí Pidgin. Ó ní bàbá òun ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìbàdàn, ní Mọ́kọ́lá ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ọdún méje ni òun nígbà tí bàbá náà kú. Gbogbo obìnrin àgbàlá ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: òkú dà, ẹ má gbé òkú gba ibí, ọmọ òkú rèé. "The other Yoruba, I don forget am finish. That one, I no fit forget. I see say your mama old, she no hear Igbo. I talk am for her language, make she fear, make she no enter."

"She no fear," mo ní.

"I see."

Ìyá mi ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Èmi tí mo gbọ́ èdè méjèèjì ni mo ṣì í gbọ́.

Ẹ̀rù tí n kò jẹ́ kó bà mí láti ọjọ́ yìí wá, ó bà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lọ ra àgádágodo. Mo ti ilé ìdáná náà pa. Mo sọ fún Ìyá pé onílé ló ní bẹ́ẹ̀.

Kò bá mi jà. Kò bínú. Ó kàn dẹ́kun jíjẹun ni. Ọjọ́ kan. Ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ìyá, ẹ dákun. Ẹ jẹun."

"Ta ni màá bá jẹ ẹ́?"

"Ẹ bá èmi jẹ ẹ́."

Ó fi ọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ìwọ? Orí ìdúró lo ti ń jẹun, ọmọ mi." Ó wo ojú fèrèsé. "Àádọ́ta ọdún ni mo fi bá bàbá rẹ jẹun nínú àwo kan. Ìwọ àti Síkírù ní kí n máa dá jẹ ẹ́. Ìyálé mi nìkan ló ní kí n wá jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo mú kọ́kọ́rọ́. Ọyẹ́ bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣí àgádágodo. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tì mí díẹ̀, èmi tí mo ti fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá mi máa bá yín jẹun."

Nǹkan kan ò dáhùn. Ooru náà nìkan ló jáde, ó bà lé mi lójú.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Mama Uzo ni. Korobá omi wà lórí rẹ̀, ọrùn àgbà náà ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Ó kọjá lára mi. Ó wọlé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó sọ korobá náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Nne," ó wí, ohùn rẹ̀ bí ti ìyàwó tuntun. "Echutago m mmiri." Òun ti pọn omi dé.

Ó dúró. Mo mọ ohun tó ń retí. Ó ń retí kí wọ́n ní kó tún lọ pọn òmíràn. A dúró bẹ́ẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, Mama Uzo mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.

Ìyá jẹun lọ́jọ́ náà. Àwa mẹ́ta jókòó yí ààrò náà ká, mo jókòó gidi, ìdí mi kan àpótí. Ìyá bu abọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ̀n ọ́n: ínṣì mẹ́rìndínlógún láti òkúta sí òkúta. Mama Uzo gbé ìkòkò ńlá tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde. Ó bá a mu wẹ́kú.

Láti ìgbà náà, Mama Uzo ti mọ kókò sun. Ìyá ń kọ́ ọ ní Yorùbá, ó ń gbọ́ ọ ní Ìgbò, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá kì í sọ "ìyálé mi" mọ́. "Ìyálé wa" ló ń sọ. Ní oṣù tó kọjá, ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ínṣì méjìlélógójì, mo sì fi biro pupa kọ ọ́.

Ibi tí ǹ bá ti parí ọ̀rọ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ gbogbo ohun tí mo wọ̀n.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, mo wọn ààrò náà. Mẹ́rìnlá. Mẹ́rin ni àwa tó ń jẹun níbẹ̀, tí mo bá ka ẹni tí n kò rí mọ́ ọn. Ìkòkò ẹni mẹ́ta ni àyè náà gbà. N kò mọ ẹni tí wọ́n yọ kúrò. Ó lè jẹ́ Mama Uzo, ó ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ìyálé wa fúnra rẹ̀, bóyá ó ti kọ́ wọn tán, ó fẹ́ lọ sinmi. Ó lè jẹ́ èmi. Téèpù wà lọ́rùn mi. N kò tíì wọn ìbàdí Ìyá. N kò lè wọ̀n ọ́n.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di òkúta àkọ́kọ́ mú, òkúta tí kò mira rí. Mo tì í. Ó yọ̀ sẹ́yìn wọ́rọ́wọ́, bíi pé ó ń dúró dè mí. Mo ti èkejì. Mo ti ẹ̀kẹta. Mo wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìndínlógún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti padà sí mẹ́rìnlá. Mo tún tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni lánàá.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń jí ṣáájú wọn. Láàárọ̀ yìí, mo tún lọ. Kò sí ẹni tó tíì dáná, eérú inú ààrò tutù bí ilẹ̀. Àwọn òkúta náà gbóná débi pé mo ní láti fi aṣọ di ọwọ́ kí n tó tì wọ́n. Mo tì wọ́n. Nígbà tí mo dìde, mo gbọ́ Ìyá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ́ bàtà.

"Súlì? O ti jí báyìí? Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Àyè ni mò ń ṣe, Ìyá," mo ní. "Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."